Ehoro wa kò gbé inú ilé, kò sì gbé ìta

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o, ẹ kú àìsinmi. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń ra ìwé yín lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó ń tà á ní ìkóríta wa. Tí mo bá kà á tán, orí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ ni mo máa ń fi í sí, torí oníbàárà tó bá jókòó de aṣọ gbọ́dọ̀ rí nǹkan kà, kó má baà máa wò mí lọ́wọ́. Ojú ìwé lẹ́tà ni èmi máa ń kọ́kọ́ ṣí. Mi ò kọ̀wé sí yín rí. Ọ̀rọ̀ ehoro ló mú mi gbé bírò lónìí.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, òǹkàwé yín kan kọ̀wé láti bá àwọn tó ń jẹ́ kí ẹran sùn nínú ilé wí. Ó ní àṣà òyìnbó ló gbà wá lórí: ajá lórí àga, ológbò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó tún wá ku ehoro ní pálọ̀. Ó ní ẹran igbó ni ehoro, ìta ni Ọlọ́run dá a sí, ẹni tó bá gbé e wọlé ń fìyà jẹ ẹ́ ni. Ìyàwó mi ka lẹ́tà náà sókè fún mi. Nígbà tó kà á tán, ó tún un kà. Mo mọ ohun tó ń wí.

Télọ̀ ni mí ní Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo níbí. Aṣọ ọkùnrin ni mo ń rán: agbádá, bùbá àti ṣòkòtò, dàńdógó tí ẹni tó mọyì ẹ̀ bá yọjú. Ilé tí a ń gbé, ilé àtijọ́ ni, ògiri amọ̀ tó nípọn tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Yàrá wà lọ́tùn-ún, yàrá wà lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan la àárín wọn kọjá láti ẹnu ọ̀nà iwájú dé ẹ̀yìnkùlé. Yàrá méjì ni tiwa. Ṣọ́ọ̀bù mi nìkan ni kì í ṣe ara ilé àtijọ́ náà. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ ọ mọ́ iwájú ilé lẹ́yìn tí mo dé, páánù ló wà lórí ẹ̀, kò sì ní àjà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, n óò padà sí i.

Bí àwọn ehoro ṣe dé ọwọ́ wa nìyí. Oníbàárà mi kan tó ń sin ehoro lójú ọ̀nà Ìkìrun rán agbádá mẹ́ta fún òkú bàbá ìyàwó ẹ̀. Òkú lọ, ìnáwó lọ, owó tó kù kò jáde. Lẹ́yìn oṣù méjì ó gbé páálí kan wá, ó ní kí n má bínú, kí n fi èyí se ọbẹ̀, kí gbèsè ó tán. Ehoro méjì ló wà nínú ẹ̀, funfun kan, dúdú kan. Èmi náà ti ń ronú ata tí a ó lọ̀. Àṣìṣe mi ni pé ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni mo ní kó bá mi gbé páálí náà lọ sẹ́yìn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, funfun ti ń jẹ́ Òwú, dúdú ti ń jẹ́ Dúdú. Ta ló tún fẹ́ fi Òwú se ọbẹ̀? Abo ni àwọn méjèèjì, ọpẹ́ ni mo sì dú fún ìyẹn, torí oṣù kan péré ni oyún ehoro, ilé ì bá ti kún.

Mo gbà pẹ̀lú òǹkàwé yín nígbà náà lọ́hùn-ún. Ìta ni mo ní kí wọ́n wà. Káfíńtà kan kan kéèjì fún mi, onípáàkó, tí ó fi nẹ́ẹ̀tì onírin ṣe ilẹ̀ ẹ̀ kí ìgbẹ́ lè máa jábọ́. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, ó ga tó orúnkún mi. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìnkùlé la gbé e sí. Òjìji wà níbẹ̀, atẹ́gùn wà, ọmọ mi sì ń já yúnyun wá fún wọn tó bá ti ilé ìwé dé, èmi náà ń ra ewé kúkúńdùnkún bọ̀ láti ọjà Ìgbọ̀nà. A kì í fún wọn ní tútù tó ní omi lára. A ó kọ́kọ́ sá a kó rọ, torí inú ehoro tètè ń wú. Ẹ má fún wọn ní ewé tòmátò o, ẹ má fún wọn ní ewé ẹ̀gẹ́ tútù. Èyí wà lára ohun tí oníbàárà mi tó gbé wọn wá sọ fún wa, mo dárí gbèsè ẹ̀ jì í lórí ìyẹn nìkan.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n lò lábẹ́ máńgòrò náà láìsí wàhálà. Òjò wá bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa ehoro tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kì í sábà ké. Tí ẹ̀rù bá bà á, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló máa ń fi gbá ilẹ̀, gbì! kó fi ta àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lólobó pé ewu ń bọ̀. Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Karùn-ún, lẹ́yìn òjò ńlá kan, mo gbọ́ gbì láti ẹ̀yìnkùlé. Mo gbọ́ èkejì. Mo sọ lọ́kàn mi pé máńgòrò ló ń já. Àsìkò máńgòrò ni lóòótọ́. Mo yí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo sùn.

Ní ìdájí mo jáde lọ fọ ẹnu. Mo wo kéèjì lókèèrè, mo rò pé ẹnì kan da aṣọ dúdú bò ó ni. Nígbà tí mo súnmọ́ ọn ni mo rí i pé aṣọ náà ń rìn. Ìjàlọ ni. Wọ́n ti ẹ̀gbẹ́ gọ́tà wá, ìlà wọn nípọn bí okùn tí wọ́n fi ń fa omi, wọ́n gba ẹsẹ̀ kéèjì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gòkè. Dúdú wà ní kọ̀rọ̀ kan, ó fún ara ẹ̀ mọ́ páàkó. Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ ibẹ̀ dúró, ọmọdé ń ka ìwé ìròyìn yín.

Òwú kò sí níbẹ̀. Mo wá a, mi ò rí egungun ẹ̀ pàápàá. Mo wọlé láti lọ sọ fún ìyá wọn, ibẹ̀ ni ọmọ mi ti dìde lórí ẹní, tó ń sunkún kí n tó sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ síta. Ìyà ló rò pé mo fẹ́ fi jẹ òun, torí ó ti jí Òwú gbé wọlé láti ìrọ̀lẹ́, ó fi bò mọ́ inú apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àìgbọràn ọmọ ló gba ẹ̀mí ẹran là. Mi ò mọ ohun tí bàbá yẹ kó sọ nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Mo ní kó lọ wẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Òwú di ará ilé. Ìyàwó mi ní ẹran kò níí bá òun sùn nínú yàrá, ó lẹ́tọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù ló ń gbé. Tí mo bá ṣíwọ́ iṣẹ́, n óò ṣí kéèjì sílẹ̀ kó lè na ẹsẹ̀. Adìẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ wa láti ìgbà náà: ara ò rọ Òwú, ara ò rọ èmi.

Eyín ehoro kì í dáwọ́ híhù dúró títí tó fi máa kú, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ máa rí nǹkan rún lẹ́nu. Tí kò bá rí koríko tó pọ̀, yóò rí wáyà. Ó gé wáyà áyọ́ọ̀nù mi sí méjì. Ọpẹ́lọpẹ́ pé iná ò sí lọ́jọ́ náà, nǹkan tí mi ò tíì dúpẹ́ fún rí láyé mi. Ó jẹ ẹsẹ̀ àga. Èyí tó dùn mí jù ni ti gínì funfun oníbàárà kan. Mo ti gé e, mo ti ṣẹ́ ẹ po, mo gbé e sórí àpótí. Ní òwúrọ̀ mo tú u, ihò kan wà ní àyà ẹ̀ gan-an, ó rí roboto bí ẹnu ife. Gínì náà, ẹnì kan ní Kánò ló ti rà á bọ̀ fún un, kò sí irú ẹ̀ ní gbogbo Òṣogbo. Mo jókòó, mo wò ó fún bíi wákàtí kan. Mo wá yí ọnà tí mo fẹ́ fi sọ́rùn ẹ̀ padà, mo fà á wálẹ̀, mo fi tẹ́ ihò náà lórí pátápátá. Oníbàárà náà gbé e wọ̀, ó yí síwá sẹ́yìn níwájú dígí, ó ní òun ò rí irú ọnà yìí rí. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì ti wá ní kí n ṣe irú ẹ̀ fún àwọn. Tó bá ka lẹ́tà yìí, kó má bínú sí mi.

Òórùn ìtọ̀ tún wà ńbẹ̀. Ìtọ̀ ehoro le. Tí èèyàn kò bá pa ilẹ̀ kéèjì dà lójoojúmọ́, yóò máa ta ojú, kì í sì í ṣe àwa nìkan ló ń ṣe ní jàǹbá. Ẹ̀dọ̀fóró ehoro náà ni yóò kọ́kọ́ gba ìyà ẹ̀, torí imú ẹ̀ ló súnmọ́ ilẹ̀ jù.

Gbogbo ìyẹn ṣe é fara dà. Ohun tó lé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ni ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìsọjí wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, a lọ láti aago mẹ́jọ. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo ti fèrèsé torí olè, mo fi fáànù sílẹ̀ fún un. A kò tíì dé ìkóríta ni iná ti lọ, àwọn ará ilé ló sọ fún wa lẹ́yìn náà. Aago méjì ààbọ̀ la dé. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ooru tó jáde síta dà bí ìgbà tí wọ́n ṣí ààrò búrẹ́dì. Òwú ti na gbalaja, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀, ìhà ẹ̀ ń lọ sókè sódò kíákíá bí máṣìnì tí a tẹ̀ dé ìdí. Mo fọwọ́ kan etí ẹ̀. Ó pọ́n, ó gbóná bí ìgbà tí èèyàn ń dán áyọ́ọ̀nù wò bóyá ó ti tó.

Ehoro kì í làágùn bíi tiwa. Etí gígùn yẹn ló fi ń lé ooru jáde lára. Mo pe dókítà ẹran kan tí mo ti ránṣọ fún rí, ó ní kí n má da omi yìnyín lé e lórí o, kí n rẹ aṣọ sínú omi àmù, kí n máa fi nu etí ẹ̀, kí n sì gbé e kúrò níbẹ̀ wéré. Ibo ni n óò gbé e lọ? Ìta, oòrùn ń ràn yòò. Yàrá wa, àwọn aṣọ ìsọjí àti èèyàn mẹ́fà ti kún ibẹ̀. Mo tẹ́ àpò sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé e lé e lórí, ọmọ mi ń nu etí kan, èmi ń nu ìkejì. Nígbà tó di aago mẹ́rin, ó gbé orí sókè. Dókítà ní kí n máa ṣọ́ ọ títí yóò fi jẹun tí yóò sì yàgbẹ́, torí tí ehoro kò bá fẹnu kan nǹkan fún wákàtí méjìlá, ìfun ẹ̀ lè dúró, èèyàn kò gbọ́dọ̀ sọ pé ó di ọ̀la. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló tó jẹ ewé kan. Ẹ ò lè mọ bí ìró ewé lẹ́nu ehoro ṣe dùn tó.

Lẹ́yìn èyí ni gbogbo ẹbí wá di amòye. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó ní, “Ẹ gbé e wọlé, Bọ̀dá. Ẹ má jẹ́ kó sùn síta mọ́.” Òun náà ń sin ọ̀kan, inú ilé ló wà. Ó ní òtútù àti ọ̀rinrin ibẹ̀ kò dára fún un, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì ń rìn láàárín ìgboro bí ajá. Ó tún ní àwọn tó mọ̀ nípa ehoro níbẹ̀ sọ pé ehoro méjì gbọ́dọ̀ ní àyè tó gùn ní mítà 3, tó fẹ̀ ní mítà 2. Mo fi téèpù mi wọ̀n ọ́n sílẹ̀ fún ìyàwó mi. Ó wò ó, ó ní èyí ju ìdajì yàrá tí a fi bẹ̀rẹ̀ ìgbéyàwó lọ.

Onílé wa ní tòun, ó ní ká gbé e padà sí abẹ́ máńgòrò. Àbúrò ìyàwó mi ní kí n kúkú pa á jẹ.

Télọ̀ ni mí, mi ò kì í gé aṣọ tí mi ò wọ̀n. Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìẹ, mo ra tẹmómítà méjì, irú èyí tí wọ́n ń fi sí ọ̀dọ̀ ọmọ adìẹ ọlọ́jọ́ kan. Fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, ní aago mẹ́ta ọ̀sán, mo ń gbé wọn kiri ilé, mo ń kọ ohun tí mo rí sínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí. Ṣọ́ọ̀bù mi, 38 ní díígírì Celsius. Yàrá wa, 34. Abẹ́ máńgòrò, 33. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní àárín méjì, níbi tí ògiri amọ̀ wà lápá ọ̀tún àti òsì tí atẹ́gùn sì ń gba ẹnu ọ̀nà méjèèjì kọjá, 30, ọjọ́ mìíràn 29. Dókítà sì ti sọ fún mi pé tó bá ti kọjá 30, ara ehoro kò ní í balẹ̀ mọ́. Ní òru, gbogbo ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ẹ ò rí i pé ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ àti ohun tí òǹkàwé yín sọ, kò sí èyí tó bá ilé mi mu? Inú ilé tí wọ́n ní kí n gbé e sí, ibẹ̀ ló gbóná jù lọ́sàn-án. Ìta tí wọ́n ní ó tọ́ sí i, ibẹ̀ ni ìjàlọ ń gbà lóru. Leeds ń sá fún òtútù, èmi ń sá fún ooru àti kòkòrò. Wọ́n kàn ń bi mí ní “inú ilé ni àbí ìta” bí ẹni pé ilé Yorùbá kò ní ju ibi méjì lọ. Ta ló gbàgbé ọ̀dẹ̀dẹ̀?

Ó tún ku ti àṣà òyìnbó tí òǹkàwé yín dárúkọ. Ìrágbìjí ni mo gbé dàgbà lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi. Ní alaalẹ́, ìyá àgbà yóò kó adìẹ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò fi agọ̀ dé wọn mọ́lẹ̀, yóò gbé ọlọ lé agọ̀ náà lórí. Ewúrẹ́ wà lápá ibi tí ògiri ti yà, a so ó mọ́ òpó. Òórùn ewúrẹ́ yẹn ni mo fi ń sun oorun ọmọdé. Wọn ò tíì gbé tẹlifíṣọ̀n dé àdúgbò wa nígbà náà, òyìnbó wo ló wá kọ́ ìyá àgbà? Olè àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló kọ́ ọ. Tí ilẹ̀ bá mọ́, yóò ṣí agọ̀, adìẹ á bá tiwọn lọ síta. Ọ̀sán lọ́tọ̀, òru lọ́tọ̀.

Ehoro tí òǹkàwé yín sì ń pè ní ẹran igbó, ti àwọn ọdẹ ló ní lọ́kàn. Ìyẹn ò kọ́lé, orí ilẹ̀ ló ń ba sí láàárín koríko, ọmọ ẹ̀ yóò bọ́ sáyé pẹ̀lú irun lára àti ojú tó là. Èyí tí a ń sìn nílé kì í ṣe òun. Ilẹ̀ Spain àti Potogí ni ìran tiwọn ti ṣẹ̀ wá, inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ìhòòhò ni wọ́n ń bí ọmọ wọn, ojú rẹ̀ á sì dì. Abẹ́ ilẹ̀ tútù lọ́sàn-án, ó sì fara pamọ́ lóru. Tí a bá tiẹ̀ ní ká tẹ̀ lé bí Ọlọ́run ṣe dá a, gbangba oòrùn kọ́ ló dá a sí.

Nítorí náà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Òwú ń gbé báyìí, ó ti lé ní ọdún kan. Kò ṣàìní wàhálà tiẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kéèjì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú agolo mílíìkì, mo bu ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì ti lò sí i, ìjàlọ kò lè la á kọjá. Mo ń pààrọ̀ ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, torí eruku máa ń dì lójú ẹ̀, kòkòrò á wá máa rìn lórí eruku náà bí afárá. Kéèjì kò gbọ́dọ̀ kan ògiri rárá. Mo rò pé mo ti gbọ́n tán, àfi ọjọ́ tí mo rí èèrà lórí ewé ẹ̀. Mo yẹ agolo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, kò sí nǹkan. Nígbà tó yá ni mo rí i pé ìyàwó onílé ló fi ìgbálẹ̀ ti kéèjì nígbà tó gbálẹ̀ tán. Wọ́n ń gba orí ìgbálẹ̀ gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń lọ ọjà. Àwọn èèrà kékeré lásán ni, ọpẹ́ ni. Ìgbálẹ̀ ti ní ibi tiẹ̀ báyìí.

Mo tẹ́ páàkó pẹlẹbẹ sí apá kan ilẹ̀ kéèjì, torí nẹ́ẹ̀tì nìkan máa ń dá egbò sí i ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ní oṣù Kejì àti Ìkẹta, a ń fi aṣọ we píọ̀ wọ́tà tó ti dì, a ó gbé e tì í, yóò lọ fẹ̀yìn tì í fúnra ẹ̀. Tó bá di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọmọ mi yóò gbé e lọ sẹ́yìnkùlé kó sáré díẹ̀ lórí koríko, àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ torí àṣá àti ajá. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ ọmọ yín kí wọ́n má fi etí gbé ehoro bíi ti ọdẹ. Ọwọ́ kan lábẹ́ àyà, ọwọ́ kan lábẹ́ ìdí. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ lágbára débi pé tó bá ta á nígbà tí wọn kò dì í mú dáadáa, ó lè ṣẹ́ egungun ẹ̀yìn ara ẹ̀.

Dókítà tún kìlọ̀ fún wa nípa àrùn kan tí wọ́n ń pè ní RHD. Ọdún 2020 ni wọ́n rí i ní Nàìjíríà. Kì í mú èèyàn, ṣùgbọ́n ehoro tó jẹun lálẹ́ lè ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Eṣinṣin ń gbé e, bàtà ẹni tó ti oko ehoro bọ̀ ń gbé e, koríko tí ehoro mìíràn ti dé orí ẹ̀ náà ń gbé e. Oníbàárà mi tó wà lójú ọ̀nà Ìkìrun ti mọ̀ báyìí pé tó bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹnu ọ̀nà ni bàtà ẹ̀ ń dúró.

Onílé wa ló kù. Ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ti èmi nìkan, òótọ́ sì ni. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Mo ní n óò rán bùbá kan fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ó gba bùbá, kò gba ehoro. Ohun tó yanjú ẹ̀ ni ìgbẹ́. Ó ní ebè ewédú àti tẹ̀tẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ìgbẹ́ ehoro kò dà bíi ti adìẹ, èèyàn lè dà á sídìí ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ tó gbá a gan-an, kò ní jó o. Mo dà á síbẹ̀ láìsọ fún un fún bíi oṣù kan. Nígbà tí tẹ̀tẹ̀ ẹ̀ gbérí tí àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun tó ń fi sí i, ó pè mí. Nísinsìnyí tí n kò bá tètè gbálẹ̀ abẹ́ kéèjì, òun ni yóò kan ilẹ̀kùn mi.

Ẹni tó ń gbé ilé ìgbàlódé tí kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àfi pálọ̀ onítáìsì, ẹ̀yin náà ẹ wọn ilé yín wò. Ẹ tẹ́ nǹkan sórí táìsì o, ó máa ń yọ̀ ehoro lẹ́sẹ̀. Olóòtú, tí ẹ bá rí dókítà ẹran kan tó lè máa dáhùn ìbéèrè lójú ìwé yín, kódà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ bá wa wá a. Èmi nìkan ní ìbéèrè mẹ́rin nílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní bíi aago méjì òru, mo gbọ́ gbì. Mi ò dúró gbọ́ èkejì. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé. Mo tan iná sí agolo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ́ìlì wà níbẹ̀, ó mọ́. Mo tan án sí ògiri, sí àjà. Ológbò aládùúgbò kan ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó káwọ́ jọ, ó tẹjú mọ́ kéèjì bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Mo lé e, mo ti ilẹ̀kùn tí ẹnì kan fi sílẹ̀. Síbẹ̀ Òwú kò dákẹ́, ó ń gbá ilẹ̀. Mo gbé àpótí ìjókòó mi wá láti ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó tì í nínú òkùnkùn títí tí mo fi gbọ́ pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ koríko. Ìyàwó mi yọjú láti yàrá, ó wò mí, ó wo kéèjì, ó bi mí pé èwo nínú àwa méjèèjì ni kí òun gbé ewé fún láàárọ̀.

Èmi ni tiyín,
Télọ̀ Òkè-Baálẹ̀,
Òṣogbo.